Eré Àjọṣe àti Ìdárayá Fáwọn Àgbà Nílé Ìtọ́jú ní Abẹ́òkúta: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tó máa ń bi wá ní ìbéèrè wọ̀nyí pín sí: ọmọ tó gbé òbí rẹ̀ sílé ìtọ́jú, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síbẹ̀, àti ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ àsàlátù tó fẹ́ wá kí àwọn àgbà. A kó ìdáhùn wa jọ síbí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa bá ilé tiyín mu, ẹ mú èyí tó bá wúlò fún yín níbẹ̀.

Àgbà tó ti ṣiṣẹ́ títí, ṣé kì í ṣe ìsinmi ló yẹ ẹ́? Kí ni ti eré?

Ìsinmi yàtọ̀ sí kéèyàn jókòó sójú kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kó máa wo ògiri. Ẹni tó bá jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, orúnkún rẹ̀ á gan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ, á sun ọ̀sán tán, kò ní rí oorun alẹ́ sùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pàápàá á máa dínkù torí kò rẹ́ni bá sọ ọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa ṣe ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì ya ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán sọ́tọ̀ fún èyí tó ń fún iṣan lágbára, tó sì ń jẹ́ kéèyàn lè dúró láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé tó bẹ́ẹ̀, kó ṣe ìwọ̀n tó bá lè ṣe.

Ìyẹn ni ti ara. Ti ọkàn ló le jù. Màmá tó ti ta aṣọ ní ọjà Ìtòkú láti ìgbà èwe rẹ̀, tí àwọn oníbàárà máa ń dúró dè kó tó ṣílé, ló wọ ilé ìtọ́jú lónìí. Wọ́n ń wẹ̀ fún un, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un, wọ́n ń bá a ká aṣọ. Gbogbo ayé ló ń ṣe nǹkan fún un, òun kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Eré tí à ń wí yìí, ibẹ̀ ni àgbà ti tún ń di ẹni tó ń ṣe nǹkan, tó ń pàṣẹ, tó ń kọ́ni, tó ń borí, tó sì ń fìdí rẹmi. Bí eré kan bá sọ wọ́n di òǹwòran, àwa ò kà á kún eré.

Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? A ò lówó púpọ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́nu àwọn àgbà náà ni. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jókòó ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹ bi í. Iṣẹ́ wo lẹ ṣe? Ẹgbẹ́ wo lẹ wà? Níbo lẹ dàgbà sí, ṣé Aké ni, àbí Ìtòkò, àbí Ìjàyè, àbí abúlé? Kí lẹ máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá ti parí nírọ̀lẹ́? Orúkọ wo lẹ fẹ́ ká máa pè yín?

Ẹ má fi ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ṣeré. Àwọn kan, Àlàájà ni wọ́n ń jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé láti Mẹ́kà, wọn ò sì ní dáhùn bí ẹ bá pè wọ́n ní Màmá lásán. Ẹlòmíràn, Tíṣà ni. Ẹlòmíràn, Ìyá Bọ́lá. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé àfi kẹ́ ẹ fi oríkì wọn jí wọn, Àjọkẹ́, Àdùkẹ́, Àkànní, kí ojú wọn tó là dáadáa láàárọ̀.

Ohun kan tún wà tí a máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tuntun fà. Ẹ má fi ohùn tí à ń fi bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ bá àgbà sọ̀rọ̀. "Óyá, ọmọ dáadáa, gbé ọwọ́ sókè!" Ẹni tó bí ìyá rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn.

Eré wo ló máa ń pe èrò jọ jù?

Ayò ni, kò sí àní-àní. Ihò méjìlá, mẹ́fà lọ́dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tí ọmọ ayò tó fi kásẹ̀ bá bọ́ sí ọ̀dọ̀ alátakò rẹ̀, tí ihò náà sì wá di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Àwọn ọmọdé rò pé eré jẹ́jẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí bàbá méjì tí wọ́n ti mọ ara wọn lọ́tàá jókòó sí i ná. Ìkíní á da ihò rẹ̀ bolẹ̀, á fi ojú kà á, á máa fi ìka jó lórí ọpọ́n bí ẹni tí kò tíì mọ èyí tó máa kó, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀ tipẹ́. Èkejì á máa bú u: "Òpè, o ò rí i pé mo ti ní odù?" (Odù ni ihò tí ọmọ ayò ti pọ̀ jọ sí.) Àwọn tó dúró tì wọ́n á máa fi ìyánu pariwo, wọ́n á máa kọ́ ẹni tí wọn ò ní kí wọ́n kọ́. Bàbá tí kò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ lójúmọ́ ló máa ń pariwo jù níbẹ̀. Ẹ má dá wọn lẹ́kun èébú yẹn. Ayò tí kò léèébú ti di ìṣirò.

Kíkà tí wọ́n ń fi ojú kà, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ṣíṣà tí wọ́n ń fi ìka ṣa ọmọ ayò, iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì wúlò fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú lápá kan, bí dókítà bá ti gbà á láyè. Ohun díẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ẹ gbé ọpọ́n sórí tábìlì, kì í ṣe ilẹ̀, kí ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ kun inú ihò ní ọ̀dà funfun bí ojú wọn kò bá ríran dáadáa, kí ọmọ ayò lè hàn. Bí ẹnìkan bá wà tó máa ń ki nǹkan bọnu láìmọ̀, ẹ má fi ọmọ ayò sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Sẹ́ẹ́yọ̀, èso tí wọ́n fi ń ṣe ọmọ ayò, le bí òkúta, ó sì lè há sí ọ̀fun.

Lúdò àti káàdì náà dára. Wọ́n máa ń rẹ́jẹ nídìí lúdò ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àwọn màmá ńkọ́? Gbogbo wọn kọ́ ló ń ta ayò.

Àwọn kan ń ta á, wọ́n sì ń jẹ àwọn bàbá mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ ò lè wà nílùú àdìrẹ kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tí àwọn màmá máa ṣe. Ẹ pín iṣẹ́ náà ni: dídì àti rírán jẹ́ ti àgbà, rírẹ ẹ́ sínú aró jẹ́ ti ọ̀dọ́. Ìdí ni pé púpọ̀ nínú aró òde òní ni wọ́n ń fi kọ́sítíìkì sódà pò, ó máa ń jó ni lára, awọ ara àgbà sì ti fẹ́lẹ́. Àdìrẹ oníko ni wọ́n ń fi ìko tàbí òwú dì. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rán pọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí lára. Ẹlẹ́kọ yìí dára fún ẹni tí ìka rẹ̀ ti gan débi tí kò lè di òwú mọ́, torí ìyẹ́ kì í wúwo lọ́wọ́.

Màmá kan wà tí kò mọ ọjọ́ mọ́, tó máa ń bi wá láràárọ̀ bóyá ọkọ òun ti dé láti oko. A fi aṣọ funfun kékeré kan àti òwú sí i lọ́wọ́. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó fi àtàǹpàkò ti aṣọ náà sókè, ó ká òwú yí i, ó fi eyín fà á títí ó fi le gbagidi, ó bọ́ sí èyí tó kàn. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì jókòó tì í, òun náà ń di tirẹ̀. Màmá wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u. "Aró á wọnú èyí. Tún un dì."

Bí aṣọ náà bá ti gbẹ, ẹ lò ó. Ẹ fi bo tábìlì ilé oúnjẹ, ẹ fi ṣe ìrọ̀rí, tàbí kí ẹ tà á kí owó rẹ̀ wọ àpò ẹgbẹ́ wọn. Aṣọ tí ẹ bá ká sínú àpótí lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, wọ́n á mọ̀ pé ẹ kàn fi ń tan àwọn ni, wọn ò sì ní wá lọ́jọ́ mìíràn.

Orin wo ni ká máa fi sí i?

Kì í ṣe orin tiyín. Orin tí èèyàn gbọ́ láti ìgbà èwe títí dé nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló máa ń dúró tì í lọ́kàn jù. Ẹ fi ọjọ́ orí wọn ṣírò. Ẹni tí wọ́n bí ní 1948 jẹ́ ẹni ọdún 32 nígbà tí Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò níbí, kú ní 1980. Àpàlà ni wọ́n ń jó nígbà náà. Sákárà ni fún àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀, jùjú fáwọn tó ń lọ òde ìnáwó, wákà fáwọn Àlàájà. Orin ìjọ látayébáyé náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ nílé ìwé ọjọ́ ìsinmi tí wọn kò sì gbàgbé ìlà kan nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá lè rí onílù kan, ó sàn ju rédíò lọ, torí rédíò kò lè fi oríkì ìdílé ki ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́, ẹni tí gángan bá ki bàbá tó bí bàbá rẹ̀, kódà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá lè dìde, èjìká rẹ̀ á dìde.

Báwo lẹni tí kò lè dìde ṣe máa jó?

Lórí àga. Èjìká, ọrùn, ọwọ́, ìka ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àga náà ní apá méjèèjì, kó má ní táyà, kí ẹsẹ̀ wọn sì dé ilẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tó lọ́ra, kẹ́ ẹ fi ti kíákíá sí àárín, kẹ́ ẹ tún fi tó lọ́ra kásẹ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó ń jó kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́ torí èémí, ó ti pọ̀ jù, ẹ dẹwọ́. Ẹni tí àyà bá ń dùn, tàbí tí òòyì ń kọ́, nọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má ṣe wulẹ̀ fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i.

Fèrè onírọ́bà (bàlúùnù) tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ níbi ọjọ́ ìbí náà wúlò púpọ̀. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì kí wọ́n jókòó dojú kọ ara wọn, kẹ́ ẹ na okùn kan sáàárín, kí wọ́n máa fi ọwọ́ gbá a lọ gbá a bọ̀. Fèrè kì í yára já bọ́, ọwọ́ tó lọ́ra náà á bá a. Bí ó bá bẹ́, ẹ kó awẹ́ rẹ̀ kíákíá. Ike omi tí omi ti tán ní ìdajì, ẹ tò ó sílẹ̀, kí wọ́n máa yí bọ́ọ̀lù lù ú ṣubú. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Àwọn tó ti ń gbàgbé nǹkan ńkọ́, ṣé ká yà wọ́n sọ́tọ̀?

Rárá o. Iyè rírà jẹ́ àìsàn tó ń bá ọpọlọ jà. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó dàgbà ni í ṣe. Ẹni tó ṣe sì lè ṣì mọ ijó, ó lè ṣì mọ orin, ó lè ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Ìmọ̀ ọwọ́ máa ń pẹ́ lára ju ìmọ̀ orúkọ lọ.

Ìlú yìí kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti máa béèrè bóyá ká ya èèyàn sọ́tọ̀. Ní Àrò níbí, ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú fi ń gbé pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tí ẹbí wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn, dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin ò wá lè jẹ́ kí màmá kan jókòó sídìí lúdò torí pé ó gbàgbé ẹni tó kàn láti ta?

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ ké ìgbà kúrú. Ogún ìṣẹ́jú tó. Ẹ fún un ní ìpín tí kò lè kùnà níbẹ̀: òun ló máa kó káàdì jọ, òun ló máa lu agogo, òun ló máa fún àwọn yòókù lómi. Ẹ má sì bá a jiyàn. Bó bá ní ọkọ òun ń bọ̀ láti oko, ẹ bi í pé kí ló máa ń gbìn.

Kí la lè máa bá wọn sọ? Lẹ́yìn "ẹ káàsán", ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu wa.

Ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè ìdánwò. "Ẹ rántí mi? Kí lorúkọ mi?" Ìyẹn máa ń dójú ti ẹni tí kò rántí. Ẹ gbé nǹkan kan sórí tábìlì dípò rẹ̀: àtùpà, áyọ́ọ̀nù eléèédú, síléètì, owó ẹyọ àtijọ́. Ẹ ní, "Báwo lẹ ṣe máa ń lo èyí?" Ẹ wá dákẹ́.

Owó kì í tán lẹ́nu wọn. Náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1973, náírà kan fún ṣílè mẹ́wàá. Kí ni tọ́rọ́ lè rà kó tó di ìgbà yẹn? Sísì ńkọ́? Ẹ óò rí i pé àríyànjiyàn máa bẹ́ sílẹ̀ lórí iye tí wọ́n ń ta àkàrà, kò sì sẹ́ni tó máa gbà fún ẹnìkejì. Ẹni tó bá wa mọ́tò rí, ẹ bi í nípa ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún lójú títì. Ẹni tí wọ́n bí ní 1949, ẹ bi í nípa ilé ìwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955. Ó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tò síwájú tíṣà. Àwọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìyá wọn lè ti wà lára àwọn obìnrin tó tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sí ààfin nítorí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò nílùú ní 1949. Ẹ ò ní gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó kà á nínú ìwé.

Nígbà mìíràn, ìtàn á mú ẹkún dání. Ọmọ tó kú, ọkọ tó kọni sílẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n. Kì í ṣe ìgbà yẹn lẹ máa sáré lọ tan tẹlifíṣọ̀n.

Lálẹ́, àlọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ni wọ́n pa á, kí ẹ̀yin máa jẹ́ "Àlọ̀!" Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì ọmọ ìlú Èkó kan kò mọ̀ pé ọmọorógùn ni. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ṣé wọ́n lè dáná pọ̀?

Wọ́n lè ṣe púpọ̀ níbẹ̀ láìsún mọ́ iná: ṣíṣa ẹ̀wà, bíbó ẹ̀gúsí, jíjá ewédú, fífọ ewé mọ́ínmọ́ín, pípọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé. Ìdí ẹ̀gúsí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìlú ti ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò, kí wọ́n sì sọ pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà láàárín àwọn Ẹ̀gbá, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ro láfún tí kò fi ní kókó.

Ẹ wo ìwé ìtọ́jú kẹ́ ẹ tó pín oúnjẹ o. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí oúnjẹ máa ń há lọ́fun. Róbó dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò léyín kò lè rún un.

Ibo la lè kó wọn jáde lọ?

Òkè Olúmọ ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó dára, bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ máa jókòó sí. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ kì í ṣe ti orúnkún ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọ̀pọ̀ màmá ló ní àwọn ti gùn ún nígbà ọmọdé, ìyẹn sì ti tó fún wọn. Ilé ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mosàn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó tún ní ọgbà ẹranko.

Ọkọ̀ ojú irin ni èyí tí àwa fẹ́ràn jù. Ibùdókọ̀ tí wọ́n sọ lórúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà ní Láderin, lójú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Púpọ̀ nínú wọn ló ti wọ rélùwéè àtijọ́ ní Láfẹ́ńwá, wọ́n á sì fi èyí wé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ariwo rẹ̀, èéfín rẹ̀, àwọn tó ń ta nǹkan lójú fèrèsé. Ẹ mú nọ́ọ̀sì dání, ẹ mú oògùn wọn, omi, àti aṣọ ìpààrọ̀. Ẹ ti mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà kó tó di pé ẹnìkan béèrè.

Ẹni tí kò lè lọ sọ́nà jíjìn, ẹ gbé e lọ sí Ìtòkú fún wákàtí kan láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Kó ná ọjà. Kò pọn dandan kó ra nǹkan kan.

Bàbá mi kì í fẹ́ dá sí ohunkóhun. Wọ́n ní ó ń gbéra ga.

Ó lè má jẹ́ ìgbéraga. Ẹ kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ wò. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kò ní fẹ́ jókòó láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, torí ó máa ń rò pé òun ni wọ́n ń rín. Nígbà mìíràn, epo etí lásán ni. Ojú tó ń ṣú, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú. Ó sì lè jẹ́ ìtọ̀: ẹni tí ìtọ̀ máa ń já mọ́ lára kò ní fẹ́ kúrò lẹ́bàá yàrá rẹ̀, kò sì ní sọ fún yín.

Bí gbogbo èyí kò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ń ṣọ̀fọ̀, tàbí kó jẹ́ pé eré tí ẹ ń ṣe kò wù ú. Ọ̀gá ilé ìwé kan kọ ijó, ó kọ ayò, ó kọ fèrè. Ẹnìkan wá gbé ìwé ìròyìn fún un, ó ní kó jọ̀ọ́ máa kà á fún àwọn tí ojú wọn kò ríran mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti múra kó tó di aago mẹ́sàn-án, táì wà lọ́rùn. Ó ṣe tán, ìlú tí *Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá* ti jáde ní 1859 nìyí, kí ìwé ìròyìn kankan tó wà ní Nàìjíríà.

Ẹ má fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń wò wọ́n láti òkèèrè lè máa gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sìn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí oníkálùkù ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ má fi eré sí àkókò Jímọ́ọ̀, ẹ má fi sí àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Nígbà ààwẹ̀, dókítà ni kó sọ ẹni tí ara rẹ̀ lè gbà á. Ẹ má sì sọ gbogbo eré di ìsìn. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ jó láìgbọ́ ìwàásù.

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ wá kí wọn. Kí ni ká ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ pe ilé náà, kẹ́ ẹ má dé bá wọn lójú oorun ọ̀sán. Ẹ má wá pẹ̀lú kámẹ́rà. A ti rí ẹgbẹ́ tó kó ìrẹsì wá, tí wọ́n to àwọn àgbà sí ìlà, tí wọ́n ya fídíò níbi tí olúkúlùkù ti ń kúnlẹ̀ gba ìrẹsì tirẹ̀, tí wọ́n sì ti lọ kó tó pé wákàtí kan. Ẹ wo ìtìjú. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kúnlẹ̀.

Ẹ wá kọ́ nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ mọ oríkì Ẹ̀gbá, ìyàwó kékeré tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń so gèlè, ọmọ tó fẹ́ mọ ayò. Èèyàn mẹ́rin tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù sàn ju ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wá lọ́jọ́ Kérésì lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ ọjọ́ ńlá, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ọjọ́ àwọn àgbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀, òun náà sì ni ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà. Ẹ wá bi wọ́n níbi tí wọ́n wà lọ́jọ́ yẹn ní 1960.

Ewu wo ni ká máa ṣọ́ jù?

Ìṣubú. Ilẹ̀ tó tutù, ẹní tó ká sókè létí, sálúbàtà tó fẹ̀ jù, wáyà jẹnẹrétọ̀ tó gba àárín yàrá kọjá. Lẹ́yìn èyí, ooru: nínú oṣù kejì àti ìkẹta, ẹ ṣeré láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì máa gbé omi fún wọn láìjẹ́ pé wọ́n béèrè, torí òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà. Ẹ má fi eré sí ẹ̀yìn oògùn tó máa ń mú oorun wá.

Ọmọ tó wà lókè òkun, kí ló lè ṣe?

Ẹ pè lórí WhatsApp ní àkókò kan náà lọ́sẹ̀, kí wọ́n lè máa retí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ní iṣẹ́ nínú: ẹ bá wọn ta lúdò lórí fóònù, kí òṣìṣẹ́ máa bá yín sún ọmọ lúdò, tàbí kẹ́ ẹ ní kí màmá yín kọ́ àwọn ọmọ yín ní orin kan. "Ẹ ti jẹun? Ara yín ńkọ́? Ó dàárọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí n mú dání?

Bátìrì rédíò. Òwú àti abẹ́rẹ́ olójú ńlá. Aṣọ funfun tí ẹ kò lò mọ́. Fọ́tò àtijọ́, ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti ilé ìwé, èyí tí ẹ dà kọ kì í ṣe ojúlówó rẹ̀. Ẹ bá wa fi bírò kọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn, àti ohun tí wọ́n jẹ́ sí òbí yín, nítorí bí màmá yín bá ń sunkún, tó na ìka sí ẹnìkan nínú fọ́tò náà, ó yẹ kí àwa náà mọ ẹni tó jẹ́.